Ẹ̀kọ́ Lára Stephen Keshi, Adẹ̀yìnmú

Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni a máa ń gbé sókè. Adẹ̀yìnmú tí kò jẹ́ kí alátakò gbá tirẹ̀ wọlé, a kì í sábà rántí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni Stephen Keshi ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni bíi tiwa, St. Finbarr's College ní Akọkà, l'Ékòó, ni ó lọ. Ní 1994, òun ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà.

Nígbà tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó mú Tógò yege fún Ife Àgbáyé 2006, ibi tí wọn kò dé rí. Síbẹ̀, ẹlòmíràn ni a fi ikọ̀ náà lé lọ́wọ́ lọ sí Jámánì. Keshi kò torí èyí pa iṣẹ́ tì. Ní 2013, ó tún gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà. Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ni ó jẹ ayò kan ṣoṣo tó fi wọ́n borí.

Ní Ùgbè-Àkókó níhìn-ín, olùkọ́ àti òbí ń gbin ohun tí ẹlòmíràn lè ká. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti ṣiṣẹ́ dójú àmì, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.