Orúkọ Jíìnì Kantíkantí àti Ibi Tó Ń Gbé

Inú Báyọ́lọ́jì ni mo ti mú ẹ̀kọ́ tòní wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ni. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé Yorùbá ò lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká gbé e wò ná.

Gbogbo wa la mọ kantíkantí, àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù. Ojú wọn pupa. Ní 1910, ní Yunifásítì Columbia ní New York, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Hunt Morgan rí akọ kan láàrin èyí tí wọ́n ń sìn nínú ìgò: ojú tiẹ̀ funfun báláú.

Ó jẹ́ kó gun abo olójú pupa. Ojú àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pupa tán. Nígbà táwọn ọmọ wọ̀nyí bí ọmọ láàrin ara wọn, ojú funfun tún yọ, àmọ́ lára akọ nìkan. Ibẹ̀ ni Morgan ti mọ̀ pé orí kúrómósómù X ni jíìnì yẹn wà. Wọ́n sọ ọ́ ní white, ìyẹn Funfun.

Ẹ ṣọ́ra níbí o! Jíìnì white kọ́ ló ń mú kí ojú funfun. Tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ojú á pupa; ìgbà tó bá bàjẹ́ ni ojú ń funfun. Àbùkù tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò ṣàjèjì sí wa. Ìgè là ń pe ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé. Orúkọ yẹn ń sọ bí a ṣe kọ́kọ́ rí ọmọ, kò sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé. Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ Ìgè kò ní ṣi white gbọ́ nínú ìdánwò.

Ó ku ibi tó ń gbé. Ẹ rí kúrómósómù bí okùn, kẹ́ ẹ rí jíìnì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí i. Okùn X méjì ni abo ní. Bí ẹyin bá ń dá nínú rẹ̀, okùn méjèèjì lè já, kí wọ́n sì pààrọ̀ apá kan fún ara wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá sún mọ́ra kì í sábà pínyà. Èyí tó jìnnà síra ń pínyà dáadáa.

Alfred Sturtevant, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 lọ́dọ̀ Morgan, ló ronú kan èyí ní 1911. Ó kó àkọsílẹ̀ wọn lọ sílé, ó pa iṣẹ́ àṣetiléwá tì, ó sì fi òru ọjọ́ kan ya àwòrán ilẹ̀ kúrómósómù àkọ́kọ́ láyé. (Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ pa prep tì o!) Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1913. Bí jíìnì méjì bá pínyà lára ọmọ 1 nínú 100, ó ka àlàfo wọn sí ìwọ̀n 1. Yellow, tó kan àwọ̀ ara, àti white jìnnà síra ní ìwọ̀n 1. Yellow àti miniature, tó kan ìyẹ́, jẹ́ nǹkan bí 34. Nítorí náà, white wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yellow, miniature sì wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí jíìnì tuntun wà nìyẹn: wọ́n á wọn ọ̀nà tó wà láàrin òun àtàwọn tí wọ́n ti mọ̀.

Iṣẹ́ yín rèé. Wọ́n ka ọmọ 200, jíìnì méjì pínyà lára 6. Ìwọ̀n mélòó ló wà láàrin wọn? Ẹ kọ ìdáhùn yín wá, kẹ́ ẹ sì fi Yorùbá ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe rí i. Ire o.