Owó Gbà-má-bínú Kọ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Adójútòfò Òṣìṣẹ́ àti Ìdènà Ìjàǹbá Lẹ́nu Iṣẹ́

1. Ìfáàrà

Láti ìgbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, ti jáde ní 1984, àwọn onímọ̀ ti ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí ọ̀rọ̀-ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ fún wa láti ṣe ní ẹ̀ka òfin iṣẹ́ àti adójútòfò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, bí a bá fi ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ pe owó tí òfin yàn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, ohun mẹ́ta ni yóò tẹ̀lé e: òṣìṣẹ́ yóò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò máa fi ìjàǹbá pamọ́, ìnáwó ilé-iṣẹ́ lórí ìjàǹbá kò sì ní dín kù. A ó wo iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní agbègbè kan, a ó yẹ òfin wò, a ó sì dá àbá ọ̀rọ̀-ìperí mélòó kan.

2. Iṣẹ́ àti ewu ní agbègbè Araromi-Obu

Araromi-Obu wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Oko rọ́bà ńlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Òrè, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, wà lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní, iṣẹ́ igi gẹdú àti ilé ìlagi sì wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ méjèèjì ní ewu nínú. Àárọ̀ kùtùkùtù ni a ń fi ọ̀bẹ ṣá èèpo igi rọ́bà, nítorí pé oje rẹ̀ ń ṣàn dáadáa nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Ẹni tí ó ń ṣá a lè tẹ ejò mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, ọ̀bẹ sì lè yẹ̀ kí ó gé e lọ́wọ́. Ní ilé-iṣẹ́ rọ́bà, a ń lo amóníà kí oje náà má baà dì. Nígbà tí a bá sì fẹ́ kí ó dì, ásíìdì fọ́míìkì ni a ń dà sí i. Amóníà ń ta ènìyàn lójú àti lọ́nà ọ̀fun, ásíìdì sì ń jó ara. Lẹ́yìn èyí, rọ́bà dídì yóò kọjá láàárín rólà onírin tí ó ń fún omi inú rẹ̀ jáde. Rólà yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rọ́bà àti ìka ọwọ́. Ní ilé ìlagi, ayùn ni olórí ewu, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ náà tún ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun igi sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

3. Òfin tí ó wà nílẹ̀

Ilẹ̀ Jámánì ṣe òfin adójútòfò lórí ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ ní 1884, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe òfin tirẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa ní 1897. Ní Nàìjíríà, 1941 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin irú èyí. A tún un ṣe ní 1987, òfin mìíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 2010. Lábẹ́ òfin 1987, agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì máa ń lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n bá a gbé ẹrù náà. Òfin 2010 ló dá àpò kan ṣoṣo sílẹ̀ tí gbogbo agbanisíṣẹ́ ń dáwó sí, tí àjọ NSITF sì ń bójú tó.

Owó tí òfin yìí kọ́kọ́ là sílẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan nínú àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ nìkan ni ó ń san án. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Òfin náà kò yọ alágbàṣe, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹnu lásán ni a fi ṣe àdéhùn. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé “kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi, alágbàṣe ni” kò rí ibi sá sí. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìjàǹbá tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Ìwé ìbéèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣini lọ́nà

4.1 Owó gbà-má-bínú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn àti lórí rédíò. Ẹni tí inú ń bí ni à ń bẹ̀ pé kó má bínú. Ẹni tí ó bá sì gba ẹ̀bẹ̀ ti parí ìjà nìyẹn. Bí agbanisíṣẹ́ bá gbé àpò ìrẹsì kan lọ kí òṣìṣẹ́ tí rólà fa ọwọ́ rẹ̀ ya, àwọn méjèèjì lè rò pé gbà-má-bínú ti wáyé. Òṣìṣẹ́ yóò dúpẹ́, kò ní kọ ìwé, ọdún kan yóò sì kọjá. Owó tí òfin ń wí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó ń dípò owó iṣẹ́ tí ẹni náà kò lè rí gbà mọ́. Fún àpẹẹrẹ, bí òṣìṣẹ́ bá kú tí ó fi aya àti ọmọ méjì sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni òfin 2010 yàn fún wọn lóṣooṣù.

4.2 Owó ìtanràn. Àwọn olùtumọ̀ kan a máa lo èyí. Ẹni tí ó jẹ̀bi ni ó ń san ìtanràn. Òpó tí òfin yìí sì dúró lé ni pé a kì í béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi kí a tó sanwó fún ẹni tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá gbọ́ “ìtanràn” yóò rò pé bí òun bá jẹ́wọ́ ìjàǹbá, òun ti gba ẹ̀bi. Yóò dákẹ́. Ìjàǹbá tí a dákẹ́ lé lórí kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n.

4.3 Ààbò. Bí a bá lo ọ̀rọ̀ yìí nìkan, mẹ́gáádì àti ọlọ́pàá ni yóò wá sí ọkàn òǹkàwé. Olè ni wọ́n ń dènà, kì í ṣe ayùn.

4.4 Ewu. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ pàápàá ewu ni. Òwe yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ohun tí ó lè pani lára àti fún bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ó pani lára. Ìmọ̀ ìdènà ìjàǹbá kò lè ṣe é láìya méjèèjì sọ́tọ̀. Ásíìdì tí a dé sínú ike tí a sì tì mọ́nú yàrá, àti èyí tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ọwọ́ lásán bù, ohun kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n ti ṣeé ṣe kí wọ́n jó ènìyàn tó ni ó yàtọ̀.

5. Bí ìdènà ṣe ń dín owó kù

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà díye lé ewu ilé-iṣẹ́ kan. Àkọ́kọ́ ni ìsọ̀rí: ilé ìlagi kò lè wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ilé ìtàwé. Òfin 2010 fún àjọ náà ní agbára láti pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí báyìí. Èkejì ni ìrírí, èyí tí wọ́n ń lò gan-an ní Amẹ́ríkà. Wọ́n a wo ìjàǹbá tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà láàárín ọdún bíi mẹ́ta, wọ́n a sì fi í wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu gba òǹkà 1.00. Ká ní owó adójútòfò jẹ́ dọ́là 10,000. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 0.80 yóò san 8,000. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1.25 yóò san 12,500. Ìdènà ìjàǹbá ni ó fa ìyàtọ̀ dọ́là 4,500 yìí.

Owó mìíràn tún wà tí ojú kò tètè rí: ẹ̀rọ tí ó dá iṣẹ́ dúró, oje rọ́bà tí ó bàjẹ́, àkókò tí a fi kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́. Ní 1931, H. W. Heinrich ti Amẹ́ríkà kọ̀wé pé owó tí ó fara sin yìí tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí adójútòfò ń san. Àwọn onímọ̀ ti bá a jiyàn lórí iye náà, ṣùgbọ́n wọn kò jiyàn pé owó náà wà.

Ìdènà ní àtẹ̀gùn tirẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí á mú orísun ewu kúrò. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí á fi ohun tí ewu rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí á fi ìbòrí sí ẹ̀rọ, kí á sì fi bọ́tìnnì ìdádúró sí ibi tí ọwọ́ lè tètè tó o. Lẹ́yìn náà, kí á ṣe ìlànà, bí àpẹẹrẹ pé ásíìdì ni à ń da sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì. Ní ìgbẹ̀yìn ni ìbọ̀wọ́, bàtà gígùn àti awò ìdáàbòbò ojú. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbẹ̀yìn yìí, wọ́n sì ń dúró síbẹ̀.

6. Àbá ọ̀rọ̀-ìperí

Owó àsandípò: owó tí òfin yàn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa tàbí fún àwọn ẹni rẹ̀. A ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara “san” àti “dípò”. Kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú, kò sì ní ẹ̀bi nínú.

Owó adójútòfò: owó tí a ń san fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò.

Ìdáwó: owó tí agbanisíṣẹ́ ń san sínú àpò àpapọ̀. Ẹni tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ rí yóò lóye rẹ̀ kíá.

Orísun ewu: ohun tí ó lè pani lára.

Ìwọ̀n ewu: bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ó pani lára, àti bí ọṣẹ́ rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó.

Ìdènà ìjàǹbá: gbogbo ètò tí kò ní jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fara pa.

Òǹkà ìrírí: òǹkà tí a fi ń sọ owó adójútòfò di púpọ̀ tàbí kékeré nítorí ìjàǹbá àtẹ̀yìnwá.

Àrùn ẹnu-iṣẹ́: àìsàn tí iṣẹ́ fà, bí etí dídi láti inú ariwo ẹ̀rọ.

Àkóyọ: ìjàǹbá tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀. “Ọlọ́run kó mi yọ” ni ẹni tí ayùn fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ máa ń wí, yóò ṣe ọpẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kí ó ṣe ọpẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tún kọ àkóyọ náà sínú ìwé, nítorí pé ohun tí ó fò ẹni kan dá lónìí lè má fo ẹlòmíràn lọ́la.

7. Ìkádìí

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yè kooro wà lára ìmúrasílẹ̀ yìí. A rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n dán àwọn àbá òkè yìí wò ní kíláàsì, kí àwọn olùtumọ̀ sì gbé wọn dé etí àwọn tí ń ṣá igi rọ́bà àti àwọn tí ń la gẹdú. Bí àwọn wọ̀nyí bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju tiwa lọ, tiwọn ni kí á gbà.