Rani Rampal àti Ogún Ọmọbìnrin

Ẹ̀kọ́ kíkà: Númérì 27:1–7

Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márààrún dúró níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ, wọ́n sì béèrè ìpín wọn nínú ogún bàbá wọn tí kò bí ọmọkùnrin. Mósè kò fi àṣà tí ó bá nílẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Ó gbé e tọ Olúwa lọ, Olúwa sì dá wọn láre. Ẹ kíyè sí i pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù ni wọ́n ṣì wà. Wọn kò tíì ré Jọ́dánì kọjá. Ilẹ̀ tí a kò tíì tẹ̀ ni wọ́n ń béèrè ìpín nínú rẹ̀.

Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sára ọmọ, ogún ni pẹ̀lú. Àwọn àgbà ilé ni ó sì sábà máa ń pinnu bóyá ọwọ́ ọmọbìnrin yóò tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìtàn Rani Rampal, agbábọ́ọ̀lù họ́kì ilẹ̀ Íńdíà, wá síhìn-ín.

A bí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1994 ní ìlú Shahabad Markanda, ní ìpínlẹ̀ Haryana. Bàbá rẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù wá oúnjẹ òòjọ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ gbá họ́kì, wọ́n kọ̀. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n rò: ẹbí ń sọ pé ìtìjú ni kí ọmọbìnrin máa wọ síkẹ́ẹ̀tì péńpé sáré kiri pápá. Rani bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ̀ǹda.

Olùkọ́ni rẹ̀, Baldev Singh, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mu ìlàjì lítà wàrà lójoojúmọ́. Agbára ilé Rani kò ju mílílítà 200 lọ, ọmọ náà a sì bu omi lù ú ní ìkọ̀kọ̀. Aago kò sí nílé. Ìyá rẹ̀ a máa wo ojú ọ̀run kí ó lè mọ ìgbà tí yóò jí i. Àwọn kan a máa wàásù pé òṣì ní ń sọni di akọni. Èmi kò gbà á. Òṣì kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní họ́kì rí. Ìyá tí kò sùn yẹn ni kí a wò.

Nínú họ́kì, góòlù kì í jẹ́ góòlù bí ọ̀pá ẹni tí ń kọlu kò bá kan bọ́ọ̀lù nínú ìlà ààbọ̀ òbìrípo tó wà níwájú ilé góòlù, níbi tí àwọn alátakò kóra jọ sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú wà. Ọmọ ọdún 15 ni Rani nígbà tí ó lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ní Bhubaneswar, Íńdíà na Amẹ́ríkà ní 5 sí 1 nínú ìdíje tí yóò gbé wọn dé Olympics. Lọ́jọ́ kejì, Amẹ́ríkà gbá góòlù 4 wọlé láìgba ẹyọ kan, àpapọ̀ sì di 5 sí 5. Rani, balógun ẹgbẹ́, ni ó gbá ẹyọ kan ṣoṣo tí ó gbé wọn lọ.

Ní Tokyo lọ́dún 2021, wọ́n pàdánù eré mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n borí Ireland àti South Africa, wọ́n sì na Ọsirélíà ní 1 sí 0, wọ́n wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin fún ìgbà àkọ́kọ́. Níkẹyìn Bìrìtéènì na wọ́n ní 4 sí 3 nínú eré fún ipò kẹta. Wọ́n padà sílé láìgba àmì-ẹ̀yẹ.

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti le. Ọ̀pọ̀ wa ń yọ̀ǹda fún ọmọbìnrin bí ẹ̀rí bá ti wà pé yóò mérè wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá Rani yọ̀ǹda, kò sí ẹ̀rí kankan. Tokyo kò sí lójú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni Jọ́dánì ṣì wà níwájú àwọn ọmọ Selofehadi nígbà tí a dá wọn láre. Èwo nínú àwọn ọmọbìnrin wa ni ó ti béèrè, tí a sì ní kí ó dúró títí a ó fi rí ilẹ̀ náà?

Rani fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí ó ti gbá eré 254 fún ilẹ̀ rẹ̀. Àjọ họ́kì Íńdíà ní kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ àgbà obìnrin má ṣe wọ nọ́ńbà 28 rẹ̀ mọ́.