Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Tọ́jú Yàrá Yẹn Dè É?

Ìyá wa ní Agbowó,

Lẹ́tà yín gùn, ẹkún sì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò. Ẹ ní ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí ọmọ yín fi wà níbi ìtọ́jú, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gbá yàrá rẹ̀, pé "bó ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe bá a": bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí kọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń súfèé pè é, fóònù rẹ̀ pẹ̀lú síìmù àtijọ́, títí dórí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó máa ń po omi gọ́tà, àdàlù oògùn olóró yẹn, sí, tẹ́ ẹ fọ̀ mọ́ tónítóní, tẹ́ ẹ rọ omi tútù sí fún un. Kò pé oṣù kan tó dé tó fi padà sídìí tramadol. Ẹ wá ń bi mí pé kí lẹ ṣe tí kò dáa. Ìyá wa, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi gbá yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n pàkúté tó mú un lẹ́ẹ̀kíní lẹ nù mọ́, tẹ́ ẹ tún dẹ dè é.

Ẹni tó ń kọjá níwájú ìsọ̀ alámàlà lọ́sàn-án, bó tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, tí òórùn gbẹ̀gìrì bá ti gba imú rẹ̀, itọ́ á ti kún un lẹ́nu kó tó ronú. Kò pinnu rẹ̀. Ara ló rántí. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn olóró ṣe ń so mọ́ ibi, mọ́ wákàtí, mọ́ ohùn ọ̀rẹ́ kan, nínú ọpọlọ ẹni tó ń lò ó. Ilé ìtọ́jú lè fọ oògùn kúrò lára rẹ̀, kò lè bá a fọ fèrèsé yẹn. Ní 1971, jìnnìjìnnì bá ìjọba Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé heroin ti di bárakú fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wọn ní Vietnam. Onímọ̀ kan, Lee Robins, tọpasẹ̀ wọn dé ilé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ti di bárakú fún lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nínú àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí 5% péré ló tún di bárakú fún láàárín ọdún kìíní tí wọ́n padà délé. Heroin nìyẹn o, tó le ju tramadol lọ fíìfíì. Ẹnì kan lè sọ pé ogun ló ti àwọn yẹn sí i, pé ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Òótọ́ ni, kì í ṣe ibi nìkan ló ń fa ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àwọn yẹn fi ibi tí wọ́n ti ń lò ó sílẹ̀, wọ́n wá sílé. Ní ti ọmọ yín, ilé gan-an ni Vietnam tirẹ̀.

Ẹ ó ní, "Níbo ni n ó ti rówó ilé mìíràn?" Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kó kúrò ní Agbowó. Bẹ́ ẹ kó lọ sí Challenge, tí fóònù yẹn bá yín lọ, àwọn ọ̀rẹ́ náà bá yín lọ. Èyí tápá yín ká ni kẹ́ ẹ yí padà. Ẹ gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ fi tòde kó ọjà sí. Kó gba síìmù tuntun. Kó jókòó, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé: wákàtí wo ló máa ń wù mí jù? Ta ni mo máa ń rí kó tó wù mí? Ṣé ebi ló ń pa mí ni, àbí inú ló ń bí mi, àbí mo dá wà, àbí ó rẹ̀ mí? Mẹ́rin yẹn kì í sábà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun tí yóò ṣe. Bó bá jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, kó ti wà ní ìsọ̀ yín kí aago mẹ́fà tó lù. Bí owó bá wọlé fún un, ẹ bá a tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá súfèé, kí ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá wọn lóhùn ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, torí ẹnu tí kò bá tíì fi "rárá" dánra wò, "mò ń bọ̀" ló máa ń sọ. Òùngbẹ oògùn náà a máa ru bí ìgbì òkun, ṣùgbọ́n kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ kó tó rọlẹ̀. Kó ti mọ ibi tí yóò wà fún ìdajì wákàtí yẹn, àti ẹni tí yóò pè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn tó mú un búra lórí Bíbélì, tí wọ́n tún fi irin kún un, tí wọ́n wá ń pariwo pé ó ti dalẹ̀, kẹ́ ẹ lé e. Ẹ bá mi bi wọ́n: ìgbà wo ni ìbúra wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn? Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó gba ìtọ́jú oògùn olóró, 40 sí 60 ló ń tún fọwọ́ kàn án, iye yẹn kò sì ju ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń padà gbé dè lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá bá tún ru, ṣé ìta la ó lé wọn sí? Ìbúra tiẹ̀ ní ewu tirẹ̀, èyí tí Alan Marlatt àti ẹnì kejì rẹ̀ ti ṣàlàyé nínú ìwé wọn ní 1985. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá lo ẹyọ kan ṣoṣo, ó ti di ọ̀dàlẹ̀ lójú ara rẹ̀. Á ní "mo ti bà á jẹ́ ná", á lo mẹ́wàá. Ìtìjú ló ń sọ ìkọsẹ̀ di ìṣubú. Wọ́n tún ní kẹ́ ẹ má dárúkọ ìfàsẹ́yìn, kẹ́ ẹ má baà fẹnu pè é. Ṣé iná ni garawa iyanrìn ilé epo ń pè? Bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àgbà wo ló wá wẹ̀yìn nínú ilé yín? Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti rí i láti 1954 ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, nígbà tó ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí tó ń bá wọn gbé, pé ẹbí wà lára ìtọ́jú. Ìtọ́jú kì í parí sẹ́nu géètì.

Ohun kan kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la. Ara tó ti sinmi fún oṣù mẹ́ta ti gbàgbé agbára oògùn. Ìwọ̀n tí kò mì ín tẹ́lẹ̀ lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí, tramadol sì máa ń fa gìrì. Bẹ́ ẹ bá rí i tó sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń fà, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má rọ epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ gbé e digbádígbá lọ sí ilé ìwòsàn UCH. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kó padà sọ fún àwọn tó tọ́jú rẹ̀.

Ẹ dákẹ́ ẹkún, ìyá wa. Ní ìparí lẹ́tà yín, bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kọ́ lẹ mú un, pé òun fúnra rẹ̀ ló wá bá yín ní ilé ìdáná, tó ní, "Màmá, mo tún ti lò ó." Ẹni tó ti gbà fún oògùn kì í jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹ pè é lálẹ́ yìí, ẹ fi ìgò yẹn lé e lọ́wọ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jù sórí ààtàn. Kẹ́ ẹ bá a rìn dé ibẹ̀.