Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Àwọn Ọmọ Ológun Wa

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Bowie, Lanham, Hyattsville àti Largo ní Maryland, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí àpótí Rediffusion dé Èkó ní 1935, tó ń gbé ohùn BBC wá láti Lọ́ńdọ̀nù, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ ọ́. Ó wà lára ògiri, ó ń sọ tẹnu rẹ̀. Bí inú ṣe wù kó bí ọ tó, kò sí bí o ṣe lè dá a lóhùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ogun Hítílà bẹ́ sílẹ̀, tí àpótí náà sì ń ròyìn ogun ní ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọkọ̀ ojú omi lọ jagun ní Bọ́mà.

Orí orúkọ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Fún nǹkan bí ogún ọdún ni mo fi gbọ́ ìròyìn ogun Iraq àti ti Afghanistan nínú ọkọ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí òpópónà Beltway. Mo sì ti rí lára àwọn ọmọ tí ìròyìn náà ń sọ nígbà tí wọ́n padà wálé. Ẹni tí mo gbọ́ lórí rédíò àti ẹni tó jókòó jẹun níwájú mi, wọn kì í sábà jọra. Nítorí náà, ìmọ̀ràn méje tí mo ní fún yín lórí ìròyìn ogun nìyí.

1. Ẹ máa ka ohùn. Bí ìròyìn ogun bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka kà á: ọ̀gágun sọ̀rọ̀, aṣòfin sọ̀rọ̀, ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ ológun tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ìgbà wo ló kàn án? Nígbà mìíràn, kìkì kó kí ìyá rẹ̀ nílé ni wọ́n á yọ̀ǹda fún un. A rí irú rẹ̀ ní Liberia ní 1990. Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, ń fi fóònù bá BBC sọ̀rọ̀ títí gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi mọ ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ológun wa tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kó dé Monrovia ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ta ló mọ ohùn ẹyọ kan nínú wọn? Obìnrin tó wà ní bárékè nílé ń gbọ́ ohùn ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bá jà. Kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

2. Ẹ má gbà kí rédíò sọ ọmọ ológun di òrìṣà, ẹ má sì gbà kó sọ ọ́ di ẹni àánú. Ní 2003, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Iraq, akọni ni gbogbo wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn akọni ọjọ́sí di aláìróorunsùn, orin arò sì wá ń tẹ̀ lé ìtàn wọn.

Ọmọ aládùúgbò wa kan lọ sí Afghanistan lẹ́ẹ̀mejì. Ní Sátidé kan, ó wá bá mi tún síǹkì ilé ìdáná wa ṣe. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, orí rẹ̀ wà lábẹ́ síǹkì, ó ń fi spánà tú páìpù, rédíò mi sì ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Ìtàn ọmọ ológun kan tó ti ogun dé, tí kò lè gbé inú èrò mọ́, ni wọ́n ń sọ. Wọ́n rọra ń tẹ dùùrù sí i lábẹ́. Mo rí i pé spánà dúró. Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á." Mo pa á. Ó di ìgbà tó fọwọ́ tán kó tó sọ̀rọ̀: "Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa o, Dádì. Dùùrù yẹn ni mi ò fẹ́. Ta ló ní kí wọ́n máa tẹ dùùrù sí wa lábẹ́?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ dùùrù lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ológun, mo máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ti bá mi pinnu bó ṣe yẹ kó ṣe mí. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣọ́ ọ.

3. Ẹ mọ ibi tí ẹ̀rọ oníròyìn dúró sí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944, oníròyìn rédíò kan tó ń jẹ́ George Hicks wà lórí ọkọ̀ ogun Ancon ní etíkun Normandy. Bàálù Jámánì fò wá, ìbọn ń dún lákọlákọ, bàálù já, àwọn atukọ̀ hó yèè. Mo ti gbọ́ ohùn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ara mi sì ń bù ṣìṣì nígbàkúgbà. Síbẹ̀, ọmọ ènìyàn wà nínú bàálù tó já. Ẹ̀rọ Hicks kò lè dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Nígbà ogun Iraq, ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́ kí oníròyìn bí 600 bá àwọn ọmọ ogun rìn. Wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ sùn nínú iyanrìn. Oníròyìn tó bá wọn sùn mọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọmọ ọdún 19, èmi kò sì kẹ́gàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí rẹ lálẹ́, ó ṣòro kí o tó là á mọ́lẹ̀ láàárọ̀ pé ó yìnbọn síbi tí kò yẹ. Anne Garrels, oníròyìn iléeṣẹ́ rédíò NPR ti Amẹ́ríkà, wà ní Baghdad lásìkò yẹn kan náà, níbi tí bọ́ǹbù ń bọ́ sí. Ẹ gbọ́ ti ìhà méjèèjì.

4. Ẹ bi ìròyìn léèrè ohun tí kò gbé jáde. Ìlú wa níbí ni pápákọ̀ òfuurufú àwọn ológun Andrews wà. Nígbà àwọn ogun yẹn, ibẹ̀ ni bàálù ń já àwọn tó fara gbọgbẹ́ sí, láti Jámánì, kí bọ́ọ̀sì tó kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn Walter Reed. Orí òrùlé wa ni àwọn bàálù náà ń gbà kọjá bí a ti ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn òkú ní tiwọn ń gba Dover ní Delaware wọlé, láti 1991 títí di 2009 ni ìjọba sì fi kọ̀ kí oníròyìn ya àwòrán pósí wọn.

5. Ẹni tó bá fẹ́ wọṣẹ́ ológun nínú yín, kó má fi ìròyìn ṣe olùdámọ̀ràn. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ìwé ọmọ onílùú wà níbẹ̀: láti 2002 ni Ààrẹ Bush ti mú un yá fún àjèjì tó bá wọṣẹ́ náà, nígbà tó sì yá, wọ́n ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè tí wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n dá ètò èdè yẹn dúró ní 2016. Lọ bá ẹni tó ti lọ tó sì bọ̀. Mú oúnjẹ dání. Má kánjú.

6. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní College Park, ẹ máa dárúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2016, wọ́n pa David Gilkey, ayàwòrán NPR, ní Helmand. Zabihullah Tamanna, oníròyìn ọmọ Afghanistan tó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn, kú pẹ̀lú rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn kan ń rántí ti àkọ́kọ́, wọ́n ń gbàgbé ti ìkejì. Ní yunifásítì yín, ní Hornbake Library, ni àkójọ iṣẹ́ NPR wà. Ẹ wọlé lọ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá jáde, ẹ yà sí Bladensburg, kí ẹ wo àgbélébùú Peace Cross, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40. Orúkọ 49 ló wà níbẹ̀, dúdú àti funfun pọ̀, ọmọ ìlú yìí tó kú sí Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n kú kí ìròyìn orí rédíò tó dé. A ní orúkọ wọn, a kò ní ohùn wọn.

7. Ẹ jẹ́ kí asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ní 1944, lẹ́bàá odò Kaladan ní Bọ́mà, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, àti ìdílé rẹ̀ fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, pẹ̀lú ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, bẹ́ẹ̀ ikú ni èrè ìdílé náà bí àwọn ará Japan bá mọ̀. Fadoyebo padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó tọ́mọ. Ìròyìn kò mọ̀ ọ́n. Ní 1989 ni BBC, nínú ètò rẹ̀ fún Áfíríkà, wá ìtàn àwọn àgbà jagunjagun kiri. Ìwé dé láti ibi gbogbo, ti Fadoyebo sì wà lára wọn. Ìwé yẹn ni oníròyìn Barnaby Phillips rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi lọ bá a, tó sì gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman ní Bọ́mà. Ní 2012 ni bàbá náà kú. Ká ní ẹnikẹ́ni kò béèrè ńkọ́?

Èmi náà bi ọmọ tó tún síǹkì mi ṣe. Mo ní, bí ìwọ ló ni rédíò, kí lo máa fẹ́ kí a gbọ́ nípa yín? Ó ronú títí. Ó ní, "Jẹnẹrétọ̀, Dádì. Kì í kú tọ̀sán-tòru. Bí mo bá dijú lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo wà nílé màmá wa àgbà ní Ìbàdàn."