Sí Àbúrò Mi Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Di HOD

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé gíwá ti buwọ́ lu ìwé rẹ, o ti di HOD, olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń kí ọ kú oríire tó lọ tán, jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ́jísírà fi hàn mí.

Èsì ìdánwò ni kí o kọ́kọ́ gbájú mọ́. Bí olùkọ́ kan ṣoṣo bá jókòó lé máàkì, èsì gbogbo kíláàsì kò ní dé ọ̀dọ̀ Díìnì, áḿbọ̀sì pé yóò dé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yunifásítì. Bí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì kò bá sì fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ náà kò lè lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ọmọ 30 ọdún kó tó gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC, àjọ àgùnbánirọ̀, yóò fún un. Mo ti rí òbí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà HOD láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí máàkì kan tí kò sí lórí ìwé ọmọ rẹ̀. HOD mọ olùkọ́ tó fà á. Kò kàn fẹ́ kí ẹni yẹn bínú sí òun ni. Irú olórí bẹ́ẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ìwọ, pe olùkọ́ náà sí kọ̀rọ̀, má dójú tì í nínú ìpàdé, kí o dá ọjọ́ fún un. Bí ọjọ́ bá pé tí kò mú máàkì wá, kọ ìwé sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Díìnì, kódà bó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ.

Wàá ní agbára rẹ kò tó nǹkan. Lóòótọ́ ni. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì di 14 oṣù Kẹwàá lọ́dún 2022, kò sí HOD tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n èsì tó ti kọjá ní Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ṣáájú ìgbà yẹn ti bọ́ nínú ewu.

Má sì pa iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú rẹ tì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwásanmí di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1966, wọ́n ti ya àwòrán ọgbà tuntun yunifásítì náà kó tó dé. Kò jù ú nù. Lọ́dún 1967 ni wọ́n kó láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí di 1975. Ilé ìkàwé ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí mo mọ̀ ló fi ilé tó ku òrùlé nìkan sílẹ̀ fún koríko, tí wọ́n lọ fi ìpìlẹ̀ mìíràn lélẹ̀ kí orúkọ tiwọn lè wà lára rẹ̀. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni mo kà á sí.

Bọ̀wọ̀ fún akọ̀wé ẹ̀ka rẹ. Òun ló mọ ibi tí fáìlì wà.

Jọ̀wọ́, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ní kí wọ́n to gbogbo èsì tó ṣì wà nílẹ̀ síwájú rẹ, kí o sì kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.