‘Ara Ń Ro Mí’ Nìkan Kò Tó

Danfó kan dúró já èrò, ọkọ̀ mìíràn sáré wá gbá a nídìí. Gíláàsì ẹ̀yìn fọ́ yángá, èrò ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbọn aṣọ, àwọn tó pé lé wọn lórí sì ń kí wọn: “Ẹ kú ewu o, ẹ kú orí ire.” Ìdáhùn wọn ò ju ọ̀kan lọ: “A dúpẹ́, kò sẹ́ni tó fara pa.”

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Lẹ́nu wa, ‘fara pa’ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, débi pé ẹni tí kò bá ṣẹ̀jẹ̀, a ní kò fara pa. Èdè Yorùbá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí awọ rẹ̀ ya ló fara gbọgbẹ́. Ènìyàn lè fara pa láìgbọgbẹ́, kí ó rìn délé, kí ó jẹun, kí ó sùn, kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe òun. Ara tó wà nínú ìjayà kì í tètè jẹ́wọ́. Èròjà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adrenaline a máa tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìpayà, a sì máa bo ìrora mọ́lẹ̀. Bí ó bá wá wálẹ̀ tán, tí iṣan tó fà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọrùn tó fì síwájú fì sẹ́yìn nínú danfó á gan, olúwarẹ̀ ò ní lè bojú wẹ̀yìn mọ́. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ló sábà máa ń le jù.

Ìgbà yẹn la máa ń débi ìtọ́jú.

“Màmá, kí ló ń ṣe yín?”

“Ara ló ń ro mí, ọmọ mi.”

“Níbo ló ti ń ro yín, mà?”

“Gbogbo ara ni.”

Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fún màmá ní Panadol, ó parí. Bẹ́ẹ̀, èdè wa ò tòṣì tó bẹ́ẹ̀. Orí ń fọ́ni, inú ń runni, ojú ọgbẹ́ ń tani, ẹ̀gbẹ́ ń gúnni, oríkèé ń roni. Ìrora kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn gan-an sì ni dókítà ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé wá ń sọ pé “mo ní ìrora ní ọrùn mi.” Gbólóhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì ṣàlàyé ohunkóhun. Ṣé ọrùn náà gan ni, àbí ó ń ro ọ́, àbí ó ń gún ọ?

‘Ro’ ni ti iṣan tó fà: ìrora tó tàn kálẹ̀ láìní ojú kan, tó ń le bí a bá lo ibẹ̀, tó sì ń rọlẹ̀ lójoojúmọ́. Yìnyín tí a fi aṣọ wé fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ìsinmi díẹ̀, rírìn díẹ̀, ó ti tó irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ bá ń gún ọ nígbà tí o bá mí sínú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ‘ro’. Egungun ìhà lè ti kán. Èjìká òsì tó ń dun ẹni tí kò fi èjìká lulẹ̀, tí ikùn rẹ̀ tún ń le, lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn. Ọsibítù ni kíákíá.

‘Kú’ ló tún ṣe pàtàkì. Ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó pẹ́ a máa kú, a sì jí. Èyí tó kú lẹ́yìn jàǹbá tí kò jí, tàbí ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú mọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn ni kí a fura sí, pàápàá bí olúwarẹ̀ kò bá lè tọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìmọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá ṣì wà lójú títì, a kì í fà á dìde. Ẹ pe 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tàbí 112. Ẹni tó sì forí gbá nǹkan, tí òòyì ń kọ́, tó ń bì, tó ń sọ kántankàntan, ẹ má sọ pé oorun ló ń kùn ún.

Èdè tiwa náà ní àbùkù kan níbí. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, èyí tó ń fa egungun, èyí tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ‘iṣan’ la pe gbogbo wọn. Ẹni tó ní “iṣan ló ń dùn mí” kò tíì sọ nǹkan kan.

Ní ti oríkèé àti egungun, a kì í ṣi wọ́n pè lọ́dọ̀ àwọn àgbà: ẹsẹ̀ lè rọ́, ó lè yẹ̀, ó lè kán. Teguntegun gidi mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í rí inú ẹran. Kí a tó fi òrí ra ọrùn ẹnikẹ́ni, kí a tó yí i kí ó dún kà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò egungun. L’Ékòó, ẹni tó bá ti gbọ́ “wọ́n ti gbé e lọ sí Ìgbòbí” ti mọ̀ pé egungun ni. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló di ọsibítù yẹn ní 1945.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́. Dókítà ní wákàtí 72, ògbufọ̀ ní ‘ọjọ́ kẹta’. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà: Mọ́ńdè tí ọkọ̀ gbá ọ, Wẹ́sìdeè ni ọjọ́ kẹta rẹ̀, wákàtí 48 péré. Dókítà sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìrora ti ń rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 72 tàbí ó ṣì ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ dárúkọ ọjọ́ fún un: “Mọ́ńdè ni wọ́n gbá wa. Túsìdeè ni ọrùn mi gan. Ó di Fúráìdeè kí ọwọ́ ọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú.”